Títún kóòdù àpẹẹrẹ JMS ṣe: ọ̀nà mẹ́rin, èwo ni ká mú?

Kóòdù àpẹẹrẹ kì í pẹ́ ní ipò àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Java ní Kabba tàbí ní Isanlu, ní ìpínlẹ̀ Kogi, yóò rí kóòdù kékeré kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí queue (ìlà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń dúró de ẹni tí yóò gbà á), yóò dà á kọ, yóò pààrọ̀ orúkọ queue náà, kó sì tó pẹ́, ohun tí wọ́n kọ fún ìdánrawò ti di ohun tí wọ́n fi ń ka owó olówó. Gbogbo àlèébù inú àpẹẹrẹ náà ló máa bá a débẹ̀. Bí ẹ bá ní irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ sì fẹ́ tún un ṣe kí ẹ tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé kí ẹ gbá èyí tó wà nílẹ̀ mọ́ ni, àbí kí ẹ tún un kọ lọ́nà mìíràn pátápátá?

JMS, ìlànà tí Java fi ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ láti inú ètò kan sí òmíràn, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: JMS 1.1 tí a kàn fọ̀ mọ́, JMSContext tó bá JMS 2.0 dé, JmsTemplate ti Spring (àkójọ láíbìrì Java kan), àti Apache Camel (láíbìrì tó ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn). Kafka, ètò àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn, ní láíbìrì tirẹ̀ tí kì í ṣe JMS, n kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan sọ́kàn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Iyara, Mopa àti Isanlu, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Kabba. Gbogbo àpò tó bá gun òṣùwọ̀n ló ń ní tíkẹ́ẹ̀tì: nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà àgbẹ̀, iye kílò, iye owó. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni client (ètò tó ń lo queue náà) ń fi ránṣẹ́ sórí queue kan tó ń jẹ́ kaju.iwon, ètò kan ní Kabba sì ń kó o lọ sínú ìwé ìṣirò. Ní àsìkò kajú, ọwọ́ kì í dilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lára kóòdù àpẹẹrẹ ni bóyá ó ń ti ohun tó ṣí, pàápàá nígbà tí nǹkan bá dàrú láàárín. Ìsopọ̀ tí a kò tì ń jókòó sórí broker (ètò tó ń tọ́jú queue, tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, tó sì ń pín in), ó ń jẹ mẹ́mórì. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ tó, broker yóò kọ̀ láti gba ẹlòmíràn. Èkejì ni ohun tó ń ṣe bí ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Èyí ló máa ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ kì í mẹ́nu bà, nítorí orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ti dán an wò, broker ní apá kan, client ní apá kejì.

Ní ti owó, ẹ má wo ìwé àṣẹ: ActiveMQ (broker tí a ó máa tọ́ka sí), Spring àti Camel, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn lábẹ́ Apache License 2.0. Dátà ni ẹ ó san. Maven, ètò tó ń kó láíbìrì Java jọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò wa gbogbo láíbìrì tí ẹ bá dárúkọ jáde, yóò sì tún wa èyí tí àwọn yẹn gbára lé. Ẹ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, ẹ ṣe `mvn dependency:go-offline`, kí ẹ sì máa fi `mvn -o` ṣiṣẹ́ nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yà Java àti ẹ̀yà broker tó wà nílẹ̀, nítorí òun ló máa ń mú àwọn kan kúrò nínú ìdíje kí a tó bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn, ẹ bi ara yín bóyá ẹni tó ka kóòdù náà yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àbí ó kàn máa rí i pé ó ṣiṣẹ́.

Ìdọ̀tí tó gbọ́dọ̀ kúrò, ọ̀nà yòówù kí ẹ mú

Èyí tó burú jù lójú mi ni `catch (Exception e)` tó kàn tẹ àṣìṣe jáde, tí ètò sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé tíkẹ́ẹ̀tì ti dé Kabba. Àpẹẹrẹ ni; ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ rí i pé ó kú. `receive()` tí kò ní nọ́ńbà nínú yóò dúró títí láé bí kò bá sí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ fún un ní iye àkókò. Ẹ yọ ObjectMessage kúrò, ẹ lo ọ̀rọ̀ lásán dípò rẹ̀: títú ohun Java tó wá láti ìta sílẹ̀ ti di ọ̀nà tí àwọn olè ń gbà wọlé, débi pé ActiveMQ fúnra rẹ̀ ti ní kí ẹ máa dárúkọ àwọn package tí ẹ fọkàn tán kó tó gbà. Bí `admin` àti `admin` bá wà nínú kóòdù gẹ́gẹ́ bí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ẹ gbé e jáde, kí ètò máa kà á láti inú environment.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yà inú pom.xml, fáìlì tí Maven ń kà, pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni ìròyìn àlèébù ààbò tí wọ́n pè ní CVE-2023-46604 jáde: ẹni tó bá ti lè dé ojú ọ̀nà OpenWire (èdè tí client àti ActiveMQ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) lórí broker ActiveMQ, èyí tó sábà máa ń wà ní port 61616, lè mú kí ẹ̀rọ náà ṣe ohun tó bá wù ú. Ẹ̀yà 5.15.16, 5.16.7, 5.17.6 àti 5.18.3 ni wọ́n ti dí ihò náà. Àpẹẹrẹ tó ṣì ń pe 5.15.9, àìsàn ló ń pín kiri.

JMS 1.1 tí a fọ̀ mọ́

Láti ọdún 2002 ni èyí ti wà, òun náà sì ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ àtijọ́. Ẹ ó ṣẹ̀dá Connection, ẹ ó ti inú rẹ̀ ṣẹ̀dá Session, ẹ ó ti inú Session ṣẹ̀dá Queue, MessageProducer àti àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún máa ń ní ìlà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀ tó ń bi ohun kọ̀ọ̀kan bóyá null ni, kó tó tì í. Ẹ gé e dànù. Ìlànà JMS sọ ọ́ gbangba pé bí a bá ti Connection, gbogbo ohun tó ti inú rẹ̀ jáde ti tì:

```
Connection con = cf.createConnection();
try {
    Session s = con.createSession(false, Session.AUTO_ACKNOWLEDGE);
    Queue q = s.createQueue("kaju.iwon");
    s.createProducer(q).send(s.createTextMessage(tikeeti));
} finally {
    con.close();
}
```

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí a kò lo try-with-resources, try tó ń ti ohun tó ṣí fúnra rẹ̀, tó wọ inú Java 7 ní 2011. Kò ṣeé ṣe níhìn-ín ni: Connection ti JMS 1.1 kì í ṣe AutoCloseable, Java kò ní gbà á. Ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ rí i dájú pé `con.start()` wà níbẹ̀. Connection máa ń wà ní dídúró nígbà tí a bá ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti mú un gbéra, kò ní sí àṣìṣe kankan, kò sì ní sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi odindi ọjọ́ wá ohun tí ìlà kan ṣoṣo ì bá tún ṣe.

Bí ìlà bá já ńkọ́? ActiveMQ Classic (ìyẹn ActiveMQ 5 àti 6) ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `failover:`, tó ń mú kí client máa wá broker títí yóò fi rí i. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: bí broker kò bá sí, `send` yóò kàn dúró jẹ́ẹ́, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń wọn kajú ní Iyara yóò rò pé kọ̀ǹpútà ti daṣẹ́ sílẹ̀, yóò pa á, tíkẹ́ẹ̀tì yóò sì bá a lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí nínú àpẹẹrẹ yín: `failover:(tcp://kabba:61616)?timeout=5000`, kí àṣìṣe lè jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.

Ọ̀nà yìí gùn, kò wuni, ṣùgbọ́n ohun gbogbo hàn sójú. Ó sì tún ní iṣẹ́ tirẹ̀: ActiveMQ 5 tí kò tíì dé 5.18 kò mọ JMS 2.0 rárá.

JMSContext

JMS 2.0 jáde ní 2013, ó sì so Connection àti Session pọ̀ di ohun kan ṣoṣo. Iṣẹ́ òkè yẹn wá di èyí:

```
try (JMSContext ctx = cf.createContext()) {
    ctx.createProducer().send(ctx.createQueue("kaju.iwon"), tikeeti);
}
```

Ó ń tì fúnra rẹ̀, yálà nǹkan dàrú tàbí kò dàrú. `start()` tí wọ́n máa ń gbàgbé náà kò sí mọ́, nítorí bí a bá ti ṣẹ̀dá consumer, ó ti gbéra. Exception rẹ̀ kì í fi dandan mú yín kọ `catch`, èyí tó mú kóòdù mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ni pé compiler kò ní rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ìlà lè já. Ìlà àlàyé kan lókè try ti tó láti fi rán an létí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ràá ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń rí jù ni èyí tó lo AUTO_ACKNOWLEDGE pẹ̀lú `receive`. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé bí `receive` bá ti gbé àtẹ̀jíṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, broker ti kà á sí èyí tó jíṣẹ́, ó ti pa á rẹ́. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí ẹ gbà á, kí ẹ tó kọ ọ́ sínú database, tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sí lórí broker mọ́, kò sì sí lọ́dọ̀ yín. Àgbẹ̀ ti gbé kajú sílẹ̀, ìwé kò sì mọ̀ ọ́n. Nínú kóòdù àpẹẹrẹ fún ibi tí iná ti ń ṣe ségesège, èyí ni kí ẹ kọ:

```
try (JMSContext ctx = cf.createContext(JMSContext.SESSION_TRANSACTED)) {
    JMSConsumer gba = ctx.createConsumer(ctx.createQueue("kaju.iwon"));
    String t;
    while ((t = gba.receiveBody(String.class, 5000)) != null) {
        fiPamo(t);
        ctx.commit();
    }
}
```

Bí `fiPamo` bá kùnà, context yóò tì láìṣe commit (ìyẹn láì sọ fún broker pé iṣẹ́ ti parí), broker yóò sì mú tíkẹ́ẹ̀tì náà padà sórí queue. Wàhálà kan ṣì kù: iná lè lọ láàárín `fiPamo` àti `commit`. Nígbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà yóò tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ unique nínú database, kí ẹ̀kejì lè já dànù láìfa wàhálà. Ẹ tún sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ń kùnà léraléra kì í yípo títí láé: ActiveMQ Classic yóò tún un gbé wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà, Artemis, broker mìíràn tó ti inú ẹbí ActiveMQ jáde, yóò dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lápapọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò wọn padà, kí wọ́n tó gbé e sọ sórí queue àwọn tó kùnà. Kí ẹnì kan máa yẹ ibẹ̀ wò.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. JMSContext kì í ṣe ohun tí thread méjì (apá kóòdù méjì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) ń pín lò. Bí ẹ bá fẹ́ thread púpọ̀, ẹ ti inú context àkọ́kọ́ ṣẹ̀dá òmíràn pẹ̀lú `ctx.createContext(...)`, ìsopọ̀ kan náà ni wọn yóò máa lò. Ẹ má fi try yìí sínú loop; inú try ni kí loop wà. Ẹ sì yẹ import wò: títí di JMS 2.0, `javax.jms` ni, láti Jakarta Messaging 3.0 ní 2020, `jakarta.jms` ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ara wọn. ActiveMQ 5.18 ṣì wà lórí javax, ó sì gba díẹ̀ nínú JMS 2.0, títí kan createContext. ActiveMQ 6 ti kọjá sí jakarta. Artemis ti gba JMS 2.0 tipẹ́. Ṣùgbọ́n client Artemis kì í wá broker tó sọnù bí ẹ kò bá sọ fún un, ẹ fi `?reconnectAttempts=-1` sí àdírẹ́sì rẹ̀.

JmsTemplate

`jmsTemplate.convertAndSend("kaju.iwon", tikeeti);` Ìlà kan péré. Bí kíkúrú bá jẹ́ ẹ̀bùn, ibí ni kò bá wọlé sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú iṣẹ́, n kò fẹ́ràn rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ, ìdí sì nìyí: JmsTemplate máa ń ṣí Connection, Session àti producer fún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì tún tì wọ́n. Bí ẹ kò bá fi CachingConnectionFactory, tó ń tọ́jú ìsopọ̀ pamọ́ (cache) kí a lè tún un lò, bo ConnectionFactory, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Mopa dé Kabba nítorí àpò kajú kan, tó padà, tó tún gbé ẹ̀kejì. Spring Boot, irú Spring tó ń to ọ̀pọ̀ nǹkan fúnra rẹ̀, máa ń fi cache yìí sí i láìjẹ́ pé ẹ bèèrè, nítorí náà ẹni tó dán an wò nínú Boot kò ní rí wàhálà kankan. Ẹni tó bá da ìlà kan ṣoṣo yẹn kọ sínú Spring lásán ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Fún gbígbà, `@JmsListener` ni kí ẹ fi hàn, ẹ má ṣe lo `jmsTemplate.receive`. Nínú Boot, listener yìí ń ṣiṣẹ́ nínú transaction (bíi SESSION_TRANSACTED òkè yẹn) láìjẹ́ pé ẹ bèèrè, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì tó kùnà yóò padà sórí queue. Ó dáa gan-an, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Spring Boot 3, tó jáde ní 2022, ń fẹ́ Java 17 àti jakarta. Kọ̀ǹpútà tó ṣì wà lórí Java 8 ti jáde nínú èyí. Ẹ tún ka dátà: àwọn láíbìrì Spring pọ̀ ju client JMS lásán lọ fíìfíì.

Camel

```
from("file:tikeeti").to("jms:queue:kaju.iwon");
```

Èyí yàtọ̀ sí àwọn tó kù, nítorí ó bọ́ sí ibi tí wàhálà wa wà gan-an. Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti lè ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀nà mẹ́ta ìṣáájú, bí Isanlu kò bá rí Kabba, `send` yóò kùnà, tíkẹ́ẹ̀tì yóò sì wà nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Pé broker ń tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ sórí disk kò ran ẹni tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ broker lọ́wọ́. Níhìn-ín, ètò òṣùwọ̀n kàn ń kọ fáìlì kékeré sínú fódà. Camel ń yẹ fódà náà wò, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá síra wọn. Bí fáìlì bá lọ, yóò gbé e sínú `.camel`, bí kò bá lọ, yóò fi í sílẹ̀ níbi tó wà, yóò sì tún dán an wò. Iná lè lọ títí di ọ̀la, tíkẹ́ẹ̀tì wà lórí disk.

Ìkìlọ̀ kan ni pé Camel lè mú fáìlì tí ẹ kò tíì kọ tán, nítorí kì í tì í pa bí ẹ kò bá sọ. Ẹ kọ ọ́ sínú fódà mìíràn, kí ẹ wá gbé e wọ fódà yìí (rename) lẹ́yìn tó bá parí. Èkejì ni pé Spring JMS ló wà lábẹ́ Camel, nítorí náà ọ̀rọ̀ cache tí mo sọ lókè kan òun náà. Camel 4 ń fẹ́ Java 17. Ó tún wúwo láti wà jáde, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní JMS rárá.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní JMS, tàbí tó ń kọ àpẹẹrẹ tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ, kó mú JMSContext, kó sì fi SESSION_TRANSACTED hàn láti ọjọ́ kìíní. N kò rí ìdí tí ẹ ó fi kọ́kọ́ kọ́ wọn ní AUTO_ACKNOWLEDGE, kí ẹ tún wá gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn.

Ẹni tí broker rẹ̀ ṣì jẹ́ ActiveMQ 5.17 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí kò sì ní agbára láti pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, kó dúró sórí JMS 1.1. Kó gé ìdọ̀tí kúrò, kó fi timeout sí failover, kó sì gbé ẹ̀yà rẹ̀ dé 5.17.6, ó kéré tán. Nígbà tí àyè bá yọ, 5.18.3 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e nínú ActiveMQ 5 ni ibi tó rọrùn jù láti sún sí, nítorí kóòdù javax rẹ̀ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, á sì lè máa yí i sí JMSContext díẹ̀díẹ̀.

JmsTemplate wà fún ilé iṣẹ́ tí gbogbo kóòdù rẹ̀ ti wà nínú Spring Boot tẹ́lẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gbé Spring wọ ibi tí kò sí.

Fún òṣùwọ̀n tó wà ní Iyara tàbí Isanlu fúnra rẹ̀, mi ò ní fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe é. Fódà àti Camel ni mo máa fi síbi òṣùwọ̀n, bí láptọ́ọ̀pù ibẹ̀ bá lè gbé Java 17. JMSContext ni mo máa fi gbà á ní Kabba. Bí láptọ́ọ̀pù náà kò bá lè gbé e, kóòdù tí ẹ kọ fúnra yín, tó ń ka fódà, tó ń fi JMSContext ránṣẹ́, tó sì ń gbé fáìlì sápá kan kìkì bí `send` bá padà láìsí exception, kò ní ju ogójì ìlà lọ.